Ilẹ̀kùn Tó Ń Jí Ará Àdúgbò

Ọkọ̀ Eluned kì í ṣe ọkọ̀ lásán.
Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù kékeré wà níbẹ̀,
kọ́tìnì tí oòrùn ti bó láwọ̀,
ife méjì tó ti ń fara kan ara wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún.
Ilé ni, ilé tó ní táyà mẹ́rin.
Àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀kùn àfàṣí yẹn,
tí kì í ṣí sínú, tí kì í ṣí síta,
tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn,
ọdún kẹta rèé tó ti ń ṣe bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Aago mẹ́ta òru, ní Porth Elain, létí òkun Wales,
ìtọ̀ jí àgbàlagbà.
Eluned fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ó fà á.
Gààrùùù! Kẹ̀ẹ̀kẹ̀!
Ajá tó wà nínú ọkọ̀ apá òsì gbó.
Ọmọ ọwọ́ àwọn ará Jámánì bú sẹ́kún.
Tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tàn.
Òjò ń ṣe wínníwínní,
ó dúró nínú aṣọ àwọ̀sùn, ó ń juwọ́ sí wọn:
“Ẹ má bínú. Èmi ni. Èmi náà ni.”

Nígbà tí Emrys wà láyé, Eluned kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wúwo.
Emrys á gbé e sókè díẹ̀, á fi orúnkún tì í,
á ní, “Wọlé, ọbabìnrin,”
gbogbo rẹ̀ á ti parí kí omi tíì tó hó.
Ó gbé ọgbọ́n orúnkún yẹn lọ sọ́run,
kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ilẹ̀ mọ́, Idwal yọ,
ẹni tó fi ogójì ọdún tún bíréèkì rélùwéè ṣe,
tí kì í kí èèyàn kó tó wo irin rẹ̀.
“Ta ló ń da òróró sí i?”
“Èmi ni. Òróró ólífì. Èyí tí mo fi ń dín ẹyin.”
Idwal di ojú,
ó dákẹ́ bí ẹni tó dúró létí sàréè.

Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, ó ti ìka bọ rélì ìsàlẹ̀.
Ohun tó jáde níbẹ̀:
iyanrìn etíkun méje,
irun ajá kan tó ti kú,
òróró ólífì tó ti di àtè,
àti bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé.
Eluned mú bọ́tìnì náà. Kò sọ̀rọ̀. Ó fi sápò.
“Ilẹ̀kùn yìí ò darúgbó,” Idwal wí, “ó jẹun yó ni.”

Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àkísà.
Rólà àárín ti jẹ lápá kan; kò yí mọ́, ó ń wọ́ ni.
Tuntun dé láti Cardiff lọ́jọ́ kẹta,
kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Eluned gbé e sí àtẹ́lẹwọ́:
ṣé èyí ló ń gbé gbogbo irin yẹn?
Lúbù gbígbẹ ni Idwal fín sí rélì:
“Òróró a máa ránṣẹ́ pe iyanrìn. Èyí kì í pe ẹnikẹ́ni.”
Lẹ́yìn náà ló tú nọ́ọ̀tì méjì,
ó gbé ilẹ̀kùn sókè bí ìwọ̀n èékánná, ó dè é padà.
“Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá.”

Ọdún mẹ́wàá.
Eluned jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀.
Ẹni yẹn kò ṣí ilẹ̀kùn rí, nígbà náà.
Ó kàn ń bá a gbé e ni.

Lóru, ìka kan ló fi fà á.
Ó lọ bí omi. Ajá ò mira.
Nígbà tó ń padà wọlé, orúnkún rẹ̀ ṣèèṣì dìde
láti ti ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ojú Idwal pọ́n láàárọ̀;
ó ti ń dẹtí láti aago méjì.
“Ṣé o ò tọ̀ lóru ni?”
Eluned ń po tíì nínú ife kan. Ife kejì wà níbi tó wà.
“Ẹ̀ẹ̀mejì,” ó ní.