Ohun Tó Hù Lórí Àwo

Aago mẹ́rin ìdájí, Hull ṣì ń sùn,
kùrukùru dùbúlẹ̀ lórí odò Humber bí aṣọ tí kò gbẹ.
Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá àyẹ̀wò,
èmi àti fíríìjì tó ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun,
èmi àti ìgò ẹ̀jẹ̀ méjìlá.
N kò mọ ojú ẹni tó ni wọ́n.
Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni mo mọ̀:
ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
iṣan àtọwọ́dá ní itan òsì,
ibà tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Dókítà Ramanathan ló sọ ìyókù fún mi lórí fóònù.
Ó ní apẹja ni, ó ti fa àwọ̀n nínú yìnyín,
ó ní ọdún mẹ́rin ni òwú náà fi ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀,
òwú tí wọ́n hun bí ìbọ̀sẹ̀, tí wọ́n rán mọ́ ẹran ara,
tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lọ sẹ́sẹ̀.
Nígbà tó di oṣù kẹta
ihò kan yọjú, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Omi ń ro níbẹ̀. Kò rùn. Kò dùn ún.
Ó fi báńdéèjì bò ó, ó ń mu tíì rẹ̀ lọ.
Ẹni tí òkun ò pa,
kí ni omi tíńtín fẹ́ fi í ṣe?

Wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀, fọ́tò ò rí nǹkan kan sọ.
Wọ́n wá fún un ní ṣúgà tó ń tanná,
wọ́n ní kó sùn sílẹ̀ fún wákàtí kan, kó má mira.
Ebi kì í jẹ́ kí jagunjagun fara pamọ́:
ibi tí ogun ti ń lọ, ibẹ̀ ni ṣúgà wọ́ jọ sí.
Itan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn,
ó mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ
bíi fèrèsé ilé tí gbogbo àdúgbò ní kò séèyàn níbẹ̀.

Wákàtí méje ni wọ́n fi gé e jáde.
Iṣan tí wọ́n yọ nínú itan rẹ̀ kejì ni wọ́n fi dípò.
Aṣọ àyálò kì í kúkú bani lára mu.

Èérún rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi nínú ike kékeré,
ó rí eérú-eérú, ó ń yọ̀ bí ilá.
Àwọn kòkòrò náà ti fi ikùn kọ́lé sára òwú,
wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ oògùn.
Mo gbé e sínú omi, mo fi ariwo tí etí ò gbọ́ gbọ̀n ọ́n,
mo da omi náà sórí àwo, mo dúró.

Ọjọ́ kìíní, òfìfo.
Ọjọ́ kejì, Dókítà pè. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi:
“Fẹ̀hìntọ́lá, ṣé ó ti hù?”
Kò tíì hù.
Ọjọ́ kẹta, àmì funfun, wẹ́wẹ́, bí ẹ̀kán ògì tó ta sí tábìlì.

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?
Awọ ara gbogbo wa ló ń gbé, kì í bá ẹnikẹ́ni jà.
Ó wà ní ọrùn ọwọ́ mi báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé.
Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani:
mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré,
n kò mọ̀ pé inú gíláàsì ni n ó ti fojú rí i.

Mo to oògùn yí i ká.
Mẹ́ta, ó hù dé ìdí wọn, kò kà wọ́n sí.
Ẹ̀kẹrin, ó fà sẹ́yìn,
ó fi òrùka àyè sílẹ̀ bí ọmọ tó rí pàṣán.
Mo pe Dókítà. Mo sọ orúkọ oògùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú iṣan,
lẹ́yìn náà oníhóró, bóyá títí ayé.

Àyè kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, fún àlàyé.
Mo fẹ́ kọ: Baba, ẹsẹ̀ yín á tún tẹ etíkun o.
Mo kọ: Àyẹ̀wò parí.