Ìwé Gbèsè Ìṣẹ́jú

Bàbá mi àgbà ta aṣọ láwìn dé ilẹ̀ Èkìtì.
Ó ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí awọ rẹ̀ ti ṣí,
orúkọ onígbèsè lápá òsì, owó lápá ọ̀tún.
Bí ọjọ́ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn:
òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.

Èmi ò jogún aṣọ, n ò jogún ilé.
Ìwé ni mo jogún, àti sùúrù òṣó.

Ní ibùdókọ̀ Ìṣọ́kùn, nídìí òpó iná tí kì í tàn,
mo ń kọ gbèsè ìṣẹ́jú sílẹ̀,
orúkọ awakọ̀ lápá òsì, ìṣẹ́jú lápá ọ̀tún.
Pátákó Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ti àkọ́kọ́.
Ọjọ́ Ajé: aago méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ìṣẹ́gun: aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ọjọ́rú: kò wá.
Kò wá. Mo fa ilà pupa sí i.
Ìbídùnní nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru fara ti ògiri, ó ń tòògbé.
Wọ́n na ọmọ Arówólò ní Ọ̀kẹ̀ṣà torí ó pẹ́ dé ilé ìwé.
Ta ni yóò na ọkọ̀?

Wọ́n wá pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú.
Ọ̀gá Adéṣuyì gun pèpéle pẹ̀lú kóòtù,
ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀,
mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló ń bọ́ sákòókò.
Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún nọ́ńbà.
Nọ́ńbà ò lẹ́sẹ̀, kò mọ oòrùn Ìṣọ́kùn.

Mo dìde. Orúnkún mi dún kó.
"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe kà á?"
"Bó bá ti jáde ní gáréèjì lákòókò, ó parí."
"Èyí tó jáde tó wá kú sí Ìmọ̀ ńkọ́?"
"Ó ti jáde."
"Èyí tí kò jáde rárá?"
Ó wo akọ̀wé rẹ̀. Akọ̀wé wo ilẹ̀.
Ọkọ̀ tí kò jáde, wọn ò kà á mọ́ ọkọ̀,
bí ẹni ń ṣírò aláìsàn tí kò ka òkú.
Mo ṣí ìwé mi, mo ka oṣù mẹ́ta sí wọn létí,
títí ẹnìkan fi tan iná fóònù fún mi.

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún èmi náà o.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ògúnṣakin awakọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ ti tèmi:
tèmi fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sáré ju ayé lọ.
Oṣù mẹ́ta gbáko,
gbèsè tí kò jẹ ni mo ń kọ́ sí i lọ́rùn.
Ó ní, "Táyà ni ò sí. Inú ìwé yín,
èmi nìkan lẹ kọ orúkọ rẹ̀.
Ẹni tó yẹ kó ra táyà dà?"

Mo jókòó. N ò lóṣòó lọ́jọ́ náà.
Mo fi báírò yọ mẹ́jọ kúrò lára ìlà kọ̀ọ̀kan,
mo fa ìlà òòró kẹta sójú ìwé:
ta ló yẹ kó dáhùn?
Gbèsè tó kù ò kéré.

Ọjọ́bọ̀ kan, ìrì ṣì wà lára koríko,
Adéṣuyì dé, kò wọ kóòtù, kò gbé mọ́tò.
Kò sọ ju ẹ kú òwúrọ̀ lọ.
Mo sún fún un. Ó lóṣòó,
itan rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lò, ó ń gbọ̀n.
Aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá. Aago méje kọjá.
Ìbídùnní fẹsẹ̀ rìn kọjá, bàtà lọ́wọ́,
ó wo àwa méjèèjì, kò bi wá ní nǹkan kan.

Ọ̀gá ní kí n yá òun ní báírò.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta, ó ṣì ń lọ.
Ní ìlà kẹta, ó dúró pẹ́,
ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara rẹ̀,
báírò ò yọ mọ́.
Mo ń wá òmíràn nínú àpò.
Kò sí ìkánjú.
Ọkọ̀ ò tíì dé.