Ojú Ewé Tí Ikán Jẹ

Láàárọ̀, wọ́n ń kọ́ mi nípa ilẹ̀ ní Kétu:
ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ dúdú, èyí tó gba àgbàdo,
èyí tí ń gbé omi mì bí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ.
Lálẹ́, mo di kọ́lékọ́lé
(ẹ má gbọ́ ọ sí kólékólé):
mo ń fi lẹ́tà mọ ògiri, mo ń fi àmì kan ilẹ̀kùn,
mo ń kọ́ ìkànnì fún ẹni tí n kò fojú rí rí,
ọ̀kẹ́ méjì sẹ́fà, ìdajì ṣáájú,
ìdajì yòókù, "ó di ọ̀la", "ó di ọ̀la".

Páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Nígbà tí bàbá àgbà, Olùkọ́ Odúlámì, lọ,
wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín kẹ̀kẹ́,
wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́.
Kò sẹ́ni tó bèèrè páálí ìwé.

Ìwé àtijọ́ ni wọ́n. Àwọn tó kọ wọ́n
ti di erùpẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó bí bàbá àgbà.
Wọ́n ń sọ ti yìnyín tí n kò fọwọ́ kàn rí;
síbẹ̀ bí iná bá lọ, tí bátìrì kọ̀ǹpútà kú,
mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ká ẹsẹ̀ kò,
òkú a sì máa bá mi sọ̀rọ̀
jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé aládùúgbò ti sùn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù,
ikán ti jẹ ojú ewé rẹ̀ tó kẹ́yìn.
Obìnrin náà dìde. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.
Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ pé
Ihò ló kù, etí rẹ̀ rí ségesège.
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń parí gbólóhùn yẹn.
Kò tíì bá a mu.

Alájì Kàsímù, tó ń ta táyà l'Àjàṣẹ́,
ni kò san ìdajì tirẹ̀.
N kò bú u. N kò ba ìkànnì rẹ̀ jẹ́.
Ibì kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn:
ibi tí ènìyàn ń já sí bí ó bá ṣìnà,
tí ẹ̀rọ a ní, "A kò rí ojú ewé yìí."
Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé:
"Obìnrin náà dìde. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.
Ikán ló jẹ ìyókù.
Bí ẹ bá mọ ohun tó sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá."
Mo fi nọ́ńbà Alájì sí i.

Ọjọ́ kẹrin, fóònù mi dún.
"Rísíkátù! Ikán wo? Obìnrin wo?
Ènìyàn mọ́kànlá ti pè mí láti àná!
Ìyá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ wá.
Awakọ̀ kan ní ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ó ti dé, òjò ló ń pa á.
Owó rẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n, jọ̀ọ́,"
ohùn rẹ̀ wálẹ̀,
"kí ló sọ gan-an?"

Mo ní, "Alájì, n kò mọ̀."
Àwa méjèèjì dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan
ń lu rìmù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ.
Ó ní, "Má pa á rẹ́ o. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, a ṣe ìdánwò ilẹ̀.
Mo kọ ọ́ pé ikán a máa ba oko jẹ́,
pé ikán kan náà ló ń tú ilẹ̀
kí ilẹ̀ lè mí.