Ẹni Karùn-ún Nídìí Iná

Ẹni mẹ́rin péré ni eré yìí gbà lójú ọ̀nà.
Ẹni karùn-ún, kó lọ jókòó sí bùdó,
kó máa yáná,
kó máa wo ìràwọ̀ tí ẹnì kan yà sójú ọ̀run.

Márùn-ún la wà ní yàrá wa ní Ṣómólú,
lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń lu ògiri
bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta.
Èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà, àlòkù tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀,
nítorí náà èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ.
Wàsíù ni mo kó ọfà fún.
Májẹ̀kódùnmí gbé asà, ó sígbọnlẹ̀, ó lè fara gbọgbẹ́.
Ọdúnlàmí ń wo ọgbẹ́ sàn;
òun náà ló ń ra Panadọ́ọ̀lù fún wa tí ara wa bá gbóná.
Sẹ́wànú, mo fún un ní ọ̀kọ̀.
Ọ̀kọ̀ dára. Àyè ló ti kún.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ìrẹsì wà lẹ́nu rẹ̀.
Mo ní eré ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Àṣẹ dùn ún pa!
Mo ní kí Wàsíù dúró sẹ́yìn òkúta, ó dúró.
Mo ní kí Májẹ̀kódùnmí wọnú ihò lọ,
kò bi mí pé kí ló wà níbẹ̀.
Nínú yàrá, mo ní kí Wàsíù kan náà lọ pọnmi,
ó ní ṣé èmi ni mo bí òun ni.
Mo ní kí Májẹ̀kódùnmí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí mi,
ó hanrun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá Onílé fìka ka bàtà ẹnu ọ̀nà wa.
Ó kà á tán, ó tún un kà.
"Ẹni mẹ́rin ni mo yá nílé.
Ṣalángá mi ò gbà jù bẹ́ẹ̀."
Kò wojú ẹnikẹ́ni.
Àwa náà ò wo ara wa.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà;
ta ló bi ìka tó ṣẹ́ kù síta léèrè?

Èmi ni orúkọ mi wà nínú ìwé owó ilé.
Nínú eré pàápàá, wọn kì í yọ olórí.
Sẹ́wànú ló dìde, kò sẹ́ni tó yàn án.
Ó ká ẹní rẹ̀, ó ní ará Àgbádárìgì kan wà ní Ajégúnlẹ̀.
Ó gbàgbé síbí rẹ̀.
A ò ní kó má lọ. Àbí a ní bẹ́ẹ̀?
Ó jọ pé Wàsíù sọ nǹkan,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń lu ògiri.

Lóru àná mo kó wọn padà sí bùdó.
Ó dúró síbẹ̀, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́,
iná tí kì í jó tán níwájú rẹ̀.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ.
Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní,
"Ṣé a ti fẹ́ máa lọ?"
Mo tún bá a sọ̀rọ̀.
"Ṣé a ti fẹ́ máa lọ?"