Omi Tó Mọ́ Jù

Ọjọ́ Ajé ni Aláró kọ́kọ́ kú.
Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí iyanrìn funfun,
ojú rẹ̀ ṣì ń dán bíi bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé.
Mo fìka kan dígí bí ẹni tó wá kí aládùúgbò.
Kò dáhùn.

Ní Gwarinpa níbí, òkun jìnnà.
Ọ̀nà Lọ́kọ́jà lèèyàn yóò gbà, títí, títí,
kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyọ̀ lẹ́nu.
Inú àpò ni mo ti ra òkun tèmi,
kílò mẹ́wàá, ní ṣọ́ọ̀bù Ndagi ní Wúsè.
Mẹ́ruwà ló fi ọmọlanke ti omi rẹ̀ wá,
mo pò wọ́n pọ̀ bí ẹni po ẹ̀kọ.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Orí òpó ni ilé wa dúró sí,
omi ń kọjá lábẹ́ ẹní wa lóru.
Ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba lórí ilẹ̀ gbígbẹ,
ó wá ń wù mí kí omi tún máa mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́rú, ó kan Onígbànú,
pupa rúsúrúsú tó de ìgbànú funfun mẹ́ta.
Òkè omi ló wà tó ń mí gúlegúle
bí ẹni tó sáré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Ilẹ̀ mọ́, kò mí mọ́.

Mo di ọlọ́pàá.
Mo bi iyọ̀ pé ṣé ìwọ ni? Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dúró síbi tó yẹ.
Mo bi ooru. Nẹ́pà mú iná lọ lóru méjì, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ mi ò sùn.
Ó ku Tàlátù, tó máa ń fín oògùn ẹ̀fọn ní pálọ̀.
Mo kà á sí i lẹ́sẹ̀, ó sunkún,
ó ní látìgbà tí ẹja ti dé, nẹ́ẹ̀tì lòun ń ta,
òun ò fín nǹkan kan mọ́.
Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀bẹ̀ náà kò jinná.

Ndagi kó ìgò wẹẹrẹ wá.
Ó bu omi díẹ̀, ó kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó yẹ kó pọ́n bí òróró; ó yí padà di àwọ̀ ewúro.
“Ìtọ̀ ara wọn ló ń pa wọ́n, Màdáámù.”

Mo ní, irọ́! Èmi tí mò ń tọ́jú ilé wọn?
Gbogbo Sátidé ni mò ń yọ fóòmù ẹ̀rọ asẹ́mi,
mò ń fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mò ń fún un,
títí yóò fi funfun bí ọjọ́ tí mo rà á.

Ọwọ́ Ndagi dúró lójú afẹ́fẹ́.
“Ẹ ní ẹ̀ ń ṣe kí ni?”
Ó ní àwọn kan wà nínú ìdọ̀tí yẹn tí ojú ò rí,
àwọn ló ń jẹ májèlé kó má bàa jẹ ẹja.
Wọn ò tí ì dé, wọn ò tí ì fìdí kalẹ̀,
“ẹ sì ń lé wọn nílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.
Ẹ pè é ní èérí. Ìlú ni.”

Mo pe bàbá mi lórí fóònù.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
ẹja tẹ́nikẹ́ni ò ní sè, mo tún ń fọlé fún un!
Ó wá dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀.
“Ìwọ náà, o ti rí ìgbálẹ̀ òkun rí?”

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tí tánkì ò lẹ́ja.
Iná rẹ̀ ń tàn, omi rẹ̀ ń yí,
mo jókòó tì í bí ẹni ń retí àlejò tí kò ní fara hàn.
Bí Sátidé bá dé, ọwọ́ a máa yún mi,
màá ká a mọ́ ìró.

Lánàá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára dígí.
Tàlátù mú àkísà dání: “Màdáámù, ó ti ń dọ̀tí o.”
Mo ní kó fi sílẹ̀, kó dọ̀tí dáadáa.
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ lọ pe dókítà.