Ẹsẹ̀ Tó Ṣáájú

Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi kú
ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú bàbá mi.
Àtọ̀gbẹ ló mú un láti ọmọńdinrín ìka,
dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀,
títí dókítà Adéọ̀yọ́ fi ní ká tẹ̀ka sí ìwé.
Ìyá mi tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nínú tàdáwà.

Nọ́ọ̀sì ní àwọn máa ń sun ún ni.
Bàbá mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì:
"Ẹ má sun nǹkan mi. Ẹ kó o fún mi.
Mo ṣì ń bọ̀ wá lò ó."

Láwuyì àbúrò rẹ̀ ló gbé e wálé,
nínú àpò ìrẹsì, lórí itan, nínú Máíkírà.
Awakọ̀ bi í pé ṣé ẹran ni.
Ó ní ẹran ni.
Kò purọ́.

Kúdẹtì la sin ín sí, lẹ́yìn ilé, nídìí igi ọsàn,
ibojì kékeré bíi ti ìkókó.
Katikíìsì ò wá. Ó ní kò sí ìsìn òkú fún ẹsẹ̀ nínú ìwé òun.
Bàbá mi fi ọ̀pá dúró, ó gbàdúrà fúnra rẹ̀.
Láwuyì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní ó dìgbére, ó dojú àlá.
Bàbá mi ní, "Panu mọ́. Ó dàárọ̀ ni."

Aránbàtà ni bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ní Agbẹni
ló fi ń wọn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.
Bàtà aláwọ kan wà tó rán fún ara rẹ̀, fún Ọdún Àjíǹde,
oṣù méjì kí wọ́n tó gé e.
Ti òsì gbó, ó pààrọ̀ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ti ọ̀tún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tuntun,
ó sì ń kùn ún ní gbogbo Sátidé
bí ẹni tí àlejò máa wọ̀ sí lọ́dọ̀.

Mo ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi tọrẹ.
A ò ní wọ bàtà lókè ọ̀hún, ẹ̀mí la ó jẹ́.
Ó wò mí bí ẹni pé mo da epo sí aṣọ funfun.
"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?
Olúwa jí, ó jẹ ẹja.
Ó jẹ ẹja, Ìbídùn!
Ẹ̀mí wo ní í yọ egungun ẹja lẹ́nu?"

Nígbà tó máa fi kú, wọ́n ti ta ẹ̀yìnkùlé Kúdẹtì,
wọ́n ti gé igi ọsàn, ilé alájà kan ti jókòó lé e.
Itẹ́ òkú Ṣàngó la gbé e lọ.
A wọ ti òsì sí i lẹ́sẹ̀.
Mo tẹ́ ti ọ̀tún sí ibi tí ẹsẹ̀ ì bá wà.

N kò mọ̀ bóyá bó ṣe máa rí nìyẹn.
Àlùfáà wa ní ara mìíràn ni, ká má da ara wa láàmú.
Ṣùgbọ́n ní kùtù, tí kùrukùru bá ń ká kúrò lórí Màpó,
tí páànù tó dípẹtà ń pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo máa ń rí i:
ìpè dún, sìmẹ́ńtì pálọ̀ là,
ayálégbé fò sórí àga,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo jáde, ó gbọn erùpẹ̀ dànù.
Kò ní egbò. Ó gba Bẹẹrẹ, ó já sí Dùgbẹ̀,
ó kọjá lórí afárá níbi tí Ògùnpa ti ń dá àwọn tó gbé lọ padà,
tí wọ́n ń fún omi lára aṣọ, tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn.
Ó gun Mọ́kọ́lá láì béèrè ọ̀nà.

Bàbá mi ti jókòó sẹ́nu ibojì,
bàtà ọ̀tún lórí itan,
ó ń wo ojú títì.
Á ní, "O pẹ́ o,"
á sì máa tú okùn bàtà.