Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹro

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta òru lù ní Hull,
èjìká ọ̀tún ni mo dì mú.
Mo ní páálí ẹja dídì tí mo ń gbé láti ìrọ̀lẹ́ ni.
Mi ò mọ̀ pé ikùn ló ń ránṣẹ́ síbẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n nà nílé
tó lọ ń sunkún lójúlé kejì.

Dókítà kékeré onírun pupa tẹ̀ mí níkùn.
"Ṣé o ṣubú?" Rárá.
"Ṣé nǹkan gbá ọ?" Rárá.
Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ṣé ẹnì kan nílé ń lù ọ́?"
Fọlárànmí kẹ̀! Tó ń fi ife gbé aláǹtakùn balùwẹ̀ síta,
tó tún ń kí i pé ó dàárọ̀!
Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín náà gún mi bí ọ̀bẹ.

Ó ní òkúta inú òróǹro ni, kí wọ́n fún mi lóògùn ìrora.
Maureen, nọ́ọ̀sì àgbà, ò dá a lóhùn.
Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.
Ìfúnpá mi ń fà sẹ́yìn bí odò Humber,
ẹrẹ̀ ti ń yọjú.
"Dókítà, obìnrin yìí ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú."

Wọ́n tì mí wọnú òrùka ńlá ayàwòrán.
Mí kanlẹ̀. Dá a dúró.
Mo dá a dúró.
Kókó kan tó tó àgbálùmọ̀
ti ń gbé nínú ẹ̀dọ̀ mi láìsanwó ilé;
òun ló bẹ́.
Kò sẹ́ni tó sọ̀kò.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ravindran dé, ṣòkòtò ìsùn lábẹ́ kóòtù.
"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta irú rẹ̀ tí màá rí láti ọdún mọ́kànlá."
Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́.
Kò gbé ọ̀bẹ.
Ihò bíńtín ní itan mi
ló ti okùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gbà gòkè,
ojú rẹ̀ ò kúrò lára gíláàsì, bí awakọ̀ nínú kùrukùru,
ó yà, ó tún yà, ó dé ẹnu iṣan tó ń jò,
ó ká wáyà tín-ín-rín sí i, ó dí i pa.

"Fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro,"
bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń wí ní Ìpetumodù bí mo bá ń kánjú.
Màmá, orí rẹ̀ náà ni mo gbé e lé.
Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi ya.

Ní òwúrọ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ kẹrin ń kán.
Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Bóyá ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì.
Bóyá ti obìnrin ojúlé kejì wa
tí kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i.
Bó bá jẹ́ òun ni, a ti di iyèkan.
Bí mo bá délé, n óò tún kí i.
Kó má dá mi lóhùn.